Ẹni Tó Ṣe Páànù Ìyá Mi

Nígbà tí a ń pín ẹrù ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó àwọn aṣọ òkè, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n wá kọjú sí èmi àbígbẹ̀yìn pé kí ni èmi fẹ́. Mo ní páànù ni.

"Páànù wo?" ẹ̀gbọ́n mi obìnrin béèrè. "Páànù orí ilé?"

"Páànù tí Màmá fi ń rin ewùrà."

Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì fi ìka méjì gbé e jáde bí ẹni gbé òkú eku. "Gbà. Tó bá di ọ̀la, má sọ pé a rẹ́ ọ jẹ o."

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní kà á sí nǹkan kan. Pákó pẹlẹbẹ ni, kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́ lọ, wọ́n sì gbẹ́ ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí ọwọ́ lè gbá a mú. Wọ́n kan páànù mọ́ ojú rẹ̀. Kí wọ́n tó kàn án, wọ́n ti fi ìṣó dá páànù náà lu láti ẹ̀yìn, tí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan fi yọ eyín ṣóńṣó síta. Eyín wọ̀nyẹn ló ń rin ewùrà. Wọ́n tún máa ń rin ìka. Èmi ni mò ń rin ewùrà fún ìyá mi ní gbogbo ìgbà kékeré mi n'Íkòròdú, àpá rẹ̀ ṣì wà ní oríkèé àtàǹpàkò mi. Bí mo bá kígbe pé ó ti bù mí jẹ, ohun tí ìyá mi máa ń sọ ni pé kí n tètè gbé ọwọ́ mi kúrò lórí abọ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìyà. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ràn. Ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, gbìyànjú láti sè é fún mi lẹ́yìn tí a ṣe ìgbéyàwó. Bùlẹ́ńdà ló fi lọ ewùrà náà. Ohun tó gbé síwájú mi, kọ́ọ̀pù ló yẹ kí ó bu ú sí. Mo jẹ ẹ́, mo ní ó dùn. Ó wò mí lójú, ó ní irọ́ ni mò ń pa, a ò sì sọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ mọ́ nínú ilé wa títí di ọjọ́ tí mo gbé páànù ìyá mi wọ ẹ́sítéètì tí à ń gbé n'Íkòròdú.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ ṣí kúrò lẹ́yìn pákó náà, àmì kan sì yọ sí mi. Ẹnì kan ti fi ohun ẹnu mímú fín in jinlẹ̀ sára igi. Mo di ìdí pákó náà mú, mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Òbìrípo kékeré kan wà lápá òsì, ọ̀pá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà kan dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan kan sì wà lẹ́yìn ìyẹn tó la ẹnu méjì sápá ọ̀tún.

Mo pe ìyàwó mi. "Wá wò ó! Ẹni tó ṣe é ti fi àmì ara rẹ̀ sí i."

Ó wò ó. "Ó dáa. Ṣé ẹ ó rin ewùrà náà lónìí, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ la ó máa wò?"

Mo rin ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà dì bó ṣe yẹ kó dì, ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ìyàwó mi sì jẹ abọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò lára àmì náà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe l'Érékùṣù, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè n kì í fi ọwọ́ mi ṣe nǹkan kan ju kí n máa tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn jù pé mo ní ohun kan nílé tí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Mo ka ihò ara páànù náà. Ìlà méjìlá, ihò méjìlá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àfi ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá tó jẹ́ mọ́kànlá. Mo sọ fún ara mi pé èèyàn lásán kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, àti pé ihò kan tí kò sí yẹn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí wa. Mo béèrè ta ló mọ ẹni tó ṣe é. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìjà ti bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní bàbá wa ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní bàbá wo? Bàbá tó jẹ́ pé nígbà tó fẹ́ kan ìṣó kí ó lè gbé kàlẹ́ńdà kọ́, ìka ara rẹ̀ ló kàn? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n má bú òkú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun kò bú u, ìtàn ni òun ń sọ, àti pé Màmá ti sọ fún òun rí pé láti Ẹ̀pẹ́ ni òun ti gbé páànù náà wá sílé ọkọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì wà láyé nínú àwọn ọmọ ìyá ìyá mi ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé Ẹ̀pẹ́. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ayé tí a ṣì ń kọ lẹ́tà, bí o bá kọ lẹ́tà sí i, á fi bírò pupa ṣe àtúnṣe rẹ̀, á sì dá a padà fún ọ pẹ̀lú èsì. Nígbà tí Wọ́sáàpù dé, a rò pé a ti bọ́. A ò bọ́. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé òun bímọ, Bàbá Tíṣà á kọ́kọ́ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà kó tó kí i kú ewu. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò mi nìyí: "'Ẹni tó ṣe é', kì í ṣe 'eni to seh'. Ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀." Kò sọ nǹkan kan nípa páànù.

Ní Sátidé kejì, mo gbé páànù náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ní ìsọ̀ lẹ́yìn Gáréèjì Ìkòròdú. Àgbà ọkùnrin ni, ó ń fi irin ṣe àdá àti ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀dẹ̀. Ó gbá ìdí rẹ̀ mú, ó wo iwájú, ó sì wo ẹ̀yìn.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ti ìyá mi ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá bàbá mi ló ṣe é."

Ojú mi là. Ó gbé àmì náà sí mi lójú, ó ń fi ìka tọ́ka. "Òbìrípo yìí, ojú iná wa nìyẹn. Ọ̀pá yìí ni owú tí a fi ń lu irin. Èyí tó la ẹnu yìí ni ẹmú tí a fi ń gbé irin gbígbóná. Àmì ìdílé wa ni. Ihò méjìlá lọ́nà méjìlá yìí, àṣírí wa ni, a kì í sọ ọ́ fún ará ìta."

"Ìlà tó kẹ́yìn ńkọ́? Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀."

Ó tún un kà. "Àṣírí tó wà nínú àṣírí nìyẹn," ó wí, ó sì ní kí n fi páànù náà sílẹ̀ kí òun gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì dúpẹ́.

Ká ní mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, ǹ bá ti ní ìdáhùn tó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọ ẹ́sítéètì padà, mo pàdé ààfáà tó ń gbé òdìkejì wa. Mo fi àmì náà hàn án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Lárúbáwá ni," ó wí.

"Lárúbáwá?"

"Ṣé ẹ rí èyí tó la ẹnu? Áyìn ni. Álífù ni ọ̀pá yìí. Orúkọ èèyàn ni. Áyìn ni orúkọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò kọ ọ́ parí ni." Ó ronú díẹ̀. "Ó sì lè jẹ́ àdúà. Nígbà tí ẹ jẹ oúnjẹ tí ẹ fi ṣe, ṣé inú run yín?"

Mo ní rárá, inú kò run mí.

"Ẹ ò rí i?" ni ààfáà wí, ó sì ń lọ.

Ìyàwó mi gbọ́ tẹnu alágbẹ̀dẹ àti tẹnu ààfáà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín kò ní láti Ẹ̀pẹ́ ni Màmá ti gbé e wá? Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ bá mi ra ẹja."

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì ní Sátidé kẹta nìyẹn, ewùrà ńlá méjì wà nínú àpò mi fún àwọn ará ilé, páànù sì wà lórí itan mi nínú ìwé ìròyìn. A kò tí ì dé Ìtóíkín tí eyín rẹ̀ fi gún ìwé náà já. Obìnrin tó jókòó tì mí fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé? Ó bù mí jẹ!"

"Ẹ má bínú, páànù ni."

"Páànù ń bùúyàn jẹ?" Ó fi báàgì rẹ̀ sáàárín èmi àti òun, kò sì gbé e kúrò títí a fi kọjá oríta tí wọ́n ti ń yà sí Èjìnrìn.

Ìyàwó Bàbá Tíṣà, tí a ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi títí, ó gba ewùrà, ó sì gba páànù lọ́wọ́ mi pẹ̀lú rẹ̀ kí n tó lanu. Ó ní òun á fi rin ewùrà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ebi á ti máa pa mí. Bàbá Tíṣà jókòó lábẹ́ fèrèsé, ó ń ka ìwé ìròyìn, bírò pupa wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

Láti ilé ìdáná, a ń gbọ́ ohùn Màmá Ẹ̀pẹ́. "Há! Ẹ wo bó ṣe ń yára! Ta ló ṣe eléyìí? Ọdún wo ni mo ti ń rin ewùrà tí apá ń ro mí? Bàbá, ẹ gbọ́, irú eléyìí ni mo fẹ́!"

Bàbá Tíṣà húkọ́, ó sì ṣí ojú ewé kejì.

Nígbà tí ewùrà wà lórí iná, Màmá Ẹ̀pẹ́ fọ páànù náà, ó gbé e wá fún mi. Mo sún mọ́ àga Bàbá Tíṣà. Mo sọ ohun tí alágbẹ̀dẹ sọ. Mo sọ ohun tí ààfáà sọ. Ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àkọ́sórí lẹ́nu ọmọ iléèwé tí kò kàwé wá.

"Báwo lo ṣe dì í mú?" ó bi mí.

"Ìdí rẹ̀ náà ni mo dì mú, sà."

"Gbé e wá."

Ó gbà á, ó sì yí i po ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fi wà lókè tí orí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Kà á."

Mo kà á. Kì í ṣe ojú iná. Kì í ṣe áyìn. Nọ́ńbà ni. Mẹ́ta, ìlà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́wàá.

"Mẹ́ta nínú mẹ́wàá," mo wí. "Bàbá, ṣé máàkì ni?"

"Máàkì ni."

"Ta ló gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá?"

Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin. "Èmi ni."

Màmá Ẹ̀pẹ́ ti jáde láti ilé ìdáná, orógùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ kò gba ohun tó kéré sí mẹ́jọ rí láyé yín?"

"Nínú ìwé kíkà," ni Bàbá Tíṣà wí. "N kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́."

Ó wá sọ bó ṣe rí fún wa. Nígbà náà, ní òpin táàmù, ọmọ iléèwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ ọwọ́ wá: ìgbálẹ̀, ẹní, abẹ̀bẹ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló máa ń bá a ṣe tirẹ̀. Ẹní tí ìyá mi hun ni òun máa ń gbé lọ, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó ìyá mi, ìyá mi ní ọwọ́ òun dí, kí ó lọ ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Inú bí mi," ni Bàbá Tíṣà wí. "Mo ní màá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá rí. Mo wá pákó, mo gbẹ́ ẹ. Ó ku páànù. Páànù kan wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé."

"Nílẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Nílẹ̀. Atẹ́gùn ti ṣí i."

"Kúrò níbo?"

"Lórí ilé adìẹ tíṣà wa."

Màmá Ẹ̀pẹ́ fi orógùn bo ẹnu. Bàbá Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìwò ó. Ó ní ìsọdipúpọ̀ méjìlá ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì ní táàmù yẹn, ó sì há a sórí bó ṣe ń lu ihò náà, méjìlá, méjìlá, kí ó má bàa gbàgbé. Ihò kan ṣoṣo ló kù kí ó parí nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é pé kó lọ pọnmi. Nígbà tó dé, ó ti gbàgbé ibi tó ka nǹkan dé.

Tíṣà náà yẹ iṣẹ́ gbogbo kíláàsì wò. Nígbà tó kan òun, tíṣà fi ìka kan eyín páànù, ó ní iṣẹ́ dáadáa ni. Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí ọ̀dà búlúù tó ṣẹ́kù lára páànù náà. Ó bi í pé níbo ló ti rí i. Ó sọ òtítọ́. Tíṣà ní, "Mẹ́wàá ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Méje lọ fún adìẹ mi tí òjò pa." Gbogbo kíláàsì hó. Nítorí pé àwọn ọmọ kan máa ń fi itọ́ pa máàkì tí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ rẹ́, ìṣó ni ó fi fín ti Bàbá Tíṣà sára igi.

"Mo sunkún délé," ni ó wí. "Mo jù ú sẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá rẹ ló lọ mú un. Ó rin ewùrà lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun tán, ó ní òun á gbé e lọ sílé ọkọ. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lọ."

Ìgbà náà ni ohun kan wá yé mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí Bàbá Tíṣà bá wá kí wa n'Íkòròdú, ìkọ́kọrẹ́ ni ìyá mi máa ń sè fún un, kì í sè nǹkan mìíràn. Á dúró ti tábìlì títí àbúrò rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun tán, á wá ní, "Àbúrò mi, mélòó nínú mẹ́wàá?" Bàbá Tíṣà á tẹjú mọ́ abọ́, ìyá mi á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sí ilé ìdáná. Àwa ọmọ rò pé máàkì oúnjẹ ló ń béèrè.

Mo sọ ọ́ fún un. Bàbá Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni," ó wí. "Kódà kò sọ fún bàbá yín. Ó kàn ń fi mí ṣeré ni, èmi àti òun nìkan." Ó fi àtàǹpàkò ra eyín páànù náà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó gbà á, tirẹ̀ ni. Ó kọ̀. Ó ní ìyá mi ló ni ín, ẹni tí ìyá mi ń ké pè láti wá rin ewùrà ni kó máa gbé e lọ.

A jẹ ìkọ́kọrẹ́. Màmá Ẹ̀pẹ́ kò yé rẹ́rìn-ín sínú abọ́ rẹ̀. Mo bẹ Bàbá Tíṣà kó jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun á kọ ọ́ fúnra òun. Ó kọ ọ́ lóòótọ́ kí n tó dé Ìkòròdú, àmì ohùn pé pérépéré: "Èmi ni mo ṣe páànù náà nígbà tí mo wà ní ọmọ iléèwé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni." Kò mẹ́nu kan máàkì, kò mẹ́nu kan adìẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe bàbá wa. Ó tún ní, níwọ̀n bó ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹbí, ó yẹ ká tún pín ẹrù náà. Mo pa fóònù mi.

Mo lọ sọ fún alágbẹ̀dẹ náà, torí ó tọ́ kó mọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n má jẹ́ kí tíṣà tàn mí jẹ, ó sì ń bá irin rẹ̀ lọ.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó ní látìgbà tí òun ti fẹ́ ọkùnrin náà, páànù ọjà tó ń sá fún ewùrà ni òun ń lò, ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo padà lọ kí wọn, mo bá Bàbá Tíṣà lórí àpótí lójúde, páànù tuntun lórí itan rẹ̀, rúlà àti pẹ́ńsùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fa ìlà sórí páànù náà, ó ń lu ihò kọ̀ọ̀kan níbi tí ìlà ti pàdé ara wọn, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lé e lórí.

Kò ṣiṣẹ́. Páànù òde òní rọ̀ jù. Ewùrà kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, gbogbo eyín náà sùn lọ bíi koríko. Bàbá Tíṣà ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, Màmá Ẹ̀pẹ́ sì gbà fún un, ó padà sídìí páànù ọjà rẹ̀. Èyí tó ṣe náà kò ṣòfò. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ẹja díndín ló wà lórí rẹ̀ lójú fèrèsé, òróró ń jò gba inú ihò rẹ̀ sínú abọ́. Bàbá Tíṣà pè mí síbẹ̀, ó ní kí n wò ó bí ìlà náà ṣe tọ́ tó. Mo wò ó. Ó tọ́ lóòótọ́. Ó mú ẹja kan fún mi, ó mú ọ̀kan fún ara rẹ̀, a sì yára jáde sójúde kí ẹni tó dín in tó dé.